Ìlà Tó Ṣófo Nínú Ìwé Wilma Krantz

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Kip Huffnagle jẹ́, kó má wulẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Kó lọ bi Wilma Krantz, tó bu oúnjẹ sí àwo rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà gbáko nígbà tí Wilma jẹ́ olórí ilé ìdáná ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Harlan Fork. Ọmọ náà a mú páálí mílíìkì méjì, a fi ọ̀kan há abíyá, a wá na ìka sí ọmọ ẹlòmíràn: "Ẹ wò ó o! Ó mú méjì!" Ogójì ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Wilma kì í gbàgbé nǹkan. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, síbẹ̀ ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọlé dìbò lọ́dún tí òjò dídì wó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, yóò dárúkọ ẹni náà, yóò sì sọ àwọ̀ bàtà tó wọ̀.

Ìdí ìwé ló ti kó ìrántí yìí jọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Wilma ti ń jókòó ti ìwé orúkọ olùdìbò ní Harlan Fork, ìlú kékeré kan láàárín oko àgbàdo ní Ohio. Kálukú ló ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé náà. Tó o bá dé, wàá fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, wàá fọwọ́ sí ìlà rẹ, wọ́n á fún ọ ní ìwé ìbò, wàá lọ sẹ́yìn pákó lọ ṣe tìrẹ. Ẹni tó o dìbò fún, àṣírí ni, ìyàwó ilé ẹni pàápàá ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n pé o wá tàbí pé o ò wá, ìyẹn kì í ṣe àṣírí. Inú ìwé ló wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè ní kí wọ́n ṣí i fóun. Òfin wọn nìyẹn látijọ́.

Àgọ́ panápaná ni wọ́n ti ń dìbò. Lọ́jọ́ náà àwọn panápaná a wa ọkọ̀ pupa wọn jáde sórí koríko, wọ́n a gbálẹ̀, wọ́n a to tábìlì, wọ́n a lọ jókòó sábẹ́ àgọ́ aláṣọ lẹ́yìnkùlé, nínú òtútù. Nítorí pé àwọn obìnrin ìdí ìwé gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin náà ló ń bọ́ wọn. Kò sófin tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ló wà níbẹ̀, erin ni àmì ọ̀kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ti èkejì, òfin sì ní ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ dá jókòó ti àpótí ìbò. Bí ẹgbẹ́ Elérin bá ní ẹnì kan nídìí tábìlì, ẹgbẹ́ Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan. Elérin ni Wilma, láti orí bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá erin bọ̀. Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Odessa Pruitt, obìnrin dúdú kan tó fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kiri ojúlé gbogbo, tó fi jẹ́ pé àwọn ajá ìlú náà mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ olúwa wọn lọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n làwọn méjèèjì ti jọ jókòó, èjìká kan èjìká. Ọ̀kan ò lè tú èdìdì àpótí kí èkejì má sí níbẹ̀.

"Wilma, àwọn èèyàn rẹ tún ti parọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí," Odessa á wí bó ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Tiyín ò tíì jí ni," Wilma á dá a lóhùn. "Tí wọ́n bá jí, wàá gbọ́ tiwọn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á da kọfí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Kip. Ó ta tìmùtìmù títí, kò tà. Ó ta ọkọ̀ àlòkù, kò tà. Ló bá rí i pé ọjà kan wà tí kì í kùtà, ẹ̀rù ni. Ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Marguerite Dunleavy ni wọ́n jọ ń ṣe ètò tí wọ́n pè ní Ìjà Òwúrọ̀, láti aago méje sí mẹ́sàn-án, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù. Marguerite ti kọ́ni ní yunifásítì rí ní Columbus kó tó wá ra ilé sẹ́bàá adágún Harlan Fork lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Kip ń jà fún erin, Marguerite ń jà fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Ìjọba tiwantiwa ti kú!" Kip á ké. "Àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn tíṣà, àwọn àjèjì, àwọn ló pa á!"

"Ó ti kú lóòótọ́," Marguerite á ní, "àwọn ará oko tí ò kàwé bíi ti àwọn èèyàn rẹ ló pa á!"

Òkú kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń sin láràárọ̀, òkú náà ò sì jẹrà rí. Bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, wọ́n á jọ wọ ilé oúnjẹ tó wà níkòríta, wọ́n á jọ pín páì ápù kan jẹ. Àwọn ará ìlú rí wọn. Àwọn ará ìlú á tún lọ sílé lọ bá ara wọn jà lórí ohun tí wọ́n sọ.

Ní ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí ìlú ṣì máa gbọ́ bùkátà ilé ìkàwé tàbí kí wọ́n tì í pa. Kip ní ìwé ibẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Marguerite ní bí wọ́n bá tì í, òkùnkùn dé nìyẹn. Kò sí nínú àwọn méjèèjì tó yá ìwé kan níbẹ̀ rí.

Bíi aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Kip wọlé, ó fi igi gbé fóònù sókè níwájú ara rẹ̀ bí ẹni tó gbé fìtílà.

"Mo wà níbi tí ìjọba tiwantiwa ti ń mí èémí ìkẹyìn!" ó ń sọ fún fóònù. Agbọ̀n kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kó sítíkà sí, èyí tí wọ́n kọ "Mo ti dìbò" sí lára, ẹni tó bá ń jáde ló ń mú un. Kip mú ọ̀kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù, eyín funfun báláú.

Wilma ti ṣí ìwé síbi orúkọ rẹ̀. "Kip, o ò tíì fọwọ́ síwèé."

"Mò ń bọ̀, Màmá Krantz. Ẹ jẹ́ n parí èyí ná."

"Ìlà rẹ rèé."

"Mo ní mò ń bọ̀, mà!"

"Ó ń bọ̀," Odessa sọ fún kọfí rẹ̀, "bí òjò èṣí."

Kò padà síbi ìwé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, níbi táwọn panápaná wà. Marguerite ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó jókòó síwájú ọgbà, ó ń sọ fún fóònù tirẹ̀ pé ẹ wo bí ìlà àwọn olùdìbò ṣe kúrú tó, ó hàn pé àwọn èèyàn ti sọ̀rètí nù. Ì bá bọ́ sílẹ̀ kí ìlà náà fi ẹnì kan gùn sí i!

Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, Wilma àti Odessa gbé ìkòkò oníná Odessa gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Nudúlù ẹran màlúù ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń dà sórí ànàmọ́ gígún, oúnjẹ tí ará ibẹ̀ ò lè ṣe aláìjẹ nígbà òtútù. Ìkòkò náà wúwo, ó gbóná, wọ́n fi kùbùsù wé e, ọ̀kan di etí kan mú, èkejì di etí kejì. Obìnrin méjì mìíràn dúró ti àpótí, Elérin kan, Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, bí òfin ti wí. Àwọn panápaná jẹun yó. Kip náà jẹ, ó tiẹ̀ bù kún un.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìbò mọ́kànlá péré ni ilé ìkàwé fi mókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwòrán Wilma àti Odessa tí Kip fi fóònù yà lẹ́yìnkùlé kún ojú tẹlifíṣọ̀n, tàwọn ti ìkòkò tí wọ́n fi kùbùsù wé.

"Ẹ wo àwọn ìyá arúgbó méjì yìí!" Kip ń ké. "Ìbò ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń gba ẹ̀yìn jáde! Kí ló wà nínú kùbùsù? Ìbò mọ́kànlá péré! Kí ló wà nínú kùbùsù?"

Ẹ ó rò pé Marguerite á sọ pé, "Kip, nudúlù ni." Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ohun yòówù kó wà níbẹ̀, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sẹ́ni tó gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nílẹ̀ yìí." Ó fajú ro bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàánú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Àwọn àgbà ò tíì rí fóònù nígbà yẹn. Irọ́ Kip dé Texas kí Wilma tó bọ bàtà. Ẹni tí kò mọ ibi tí Ohio wà ń pè é lórí aago, ó ń pè é lólè, ó ń gbàdúrà ikú fún un, ó wá ń fi orúkọ Jésù parí rẹ̀. Ẹnì kan da nudúlù gbígbẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tí Wilma tọ́jú nígbà tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ gbé báàgì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wilma, ó lọ jókòó síwájú.

Àwọn panápaná ńkọ́, tí wọ́n jẹ nudúlù tí wọ́n lá àwo? Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ òṣèlú. Ọkùnrin tó ń wọnú iná lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ nudúlù ni kò lè sọ!

Eldon Speicher, alága ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò, ló wá pe Wilma lórí aago. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Eldon, bí ìrẹsì tí omi pọ̀ jù.

"Màmá, a máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ti kọ ẹ̀sùn wá, wọ́n fẹ́ ká yọ yín méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹ ò ṣe kúkú fi sílẹ̀ fúnra yín, kí àlàáfíà lè wà?"

"Eldon, ṣé mo jalè?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó ní ẹ jalè…"

"Gbogbo ayé ló ní mo jalè. Tí mo bá fi sílẹ̀, mo gbà nìyẹn. Orúkọ yẹn ni wọ́n á fi sin mí."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àga. Àga onírin ni, ó ń dun ìdí. Ọkọ Wilma ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Oregon. Ohun tó kù tó jẹ́ tirẹ̀ nílùú náà ni pé bí Wilma Krantz bá ní nǹkan rí báyìí, báyìí ló rí. Tí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ló tún kù?

Lọ́jọ́ Ajé, Kip fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná bí ọmọdé. Kò gbé fóònù dání. Ohùn tó bá wá yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n, ohùn ẹni tó fẹ́ yá àkàbà ni.

"Màmá Krantz, ẹ má bínú. Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yìí lè tán lára yín."

"Báwo?"

"Elérin ni yín. Tiwa ni yín. Ẹ ṣá ti wá sórí ètò mi, ẹ sọ pé Odessa ló ni ìkòkò, òun ló ní kẹ́ ẹ bá òun gbé e, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó tán."

Wilma wò ó títí. "Kip, o jẹ nínú nudúlù yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo jẹ ẹ́, mà. Ó dùn."

"O bá ìwé ìbò kankan pàdé nínú rẹ̀?"

"Màmá, ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ohun tó wà nínú ìkòkò làwọn èèyàn ń wò. Ohun tó lè wà nínú rẹ̀ ni."

"Páálí mílíìkì méjì," Wilma wí.

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní ilẹ̀kùn rèé. Rọra gbá a tì, atẹ́gùn ń wọlé."

Bó ti jáde, Wilma pe Odessa lórí aago, ó ròyìn rẹ̀ fún un.

"Kí lo wá sọ fún un?" Odessa bi í.

"Mo ní ìwọ ni olórí olè, èmi ni igbákejì."

"O ṣeun. Mo rò pé o fẹ́ gba ipò mi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Odessa ní, "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ìyá mi kí wọ́n tó jẹ́ kó dìbò ní Alabama. Lọ́jọ́ yẹn aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wọ̀ lọ. Wilma, ẹlẹ́nu bí agogo kan ò ní fi nudúlù lé mi kúrò nídìí àpótí."

"Ta ló ní kó lé ọ? Wọ aṣọ tó nípọn lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ yẹn tutù."

Kò tutù lọ́jọ́ náà. Èèyàn igba ló kún ibẹ̀, àwọn mìíràn wakọ̀ wákàtí mẹ́ta wá, wọ́n kọ "ẸRAN NI ÀBÍ ÌBÒ?" sórí páálí. Wọ́n ń pariwo olè bí Wilma ti ń fi ọ̀pá wọlé. Ọ̀kan ní, "Màmá, kí lẹ sè fún wa lónìí?" Odessa yíjú sí i: "Ìyá rẹ ò sè nílé ni?"

Kip jókòó síwájú. Sítíkà ọjọ́ ìdìbò ṣì wà láyà kóòtù rẹ̀, ó ti ń ká létí. Marguerite jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, fóònù tirẹ̀ náà wà lókè. Eldon àti àwọn mẹ́ta yòókù nínú ìgbìmọ̀ wà nídìí tábìlì gíga, aago kékeré kan wà níwájú wọn, torí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kip lo mẹ́sàn-án. Eldon ò lè dá a dúró.

"Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí," Kip ní, ó gbá àyà níbi tí sítíkà wà, "mo dìbò! Mo mọ iyì ìbò! Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ìbò ṣeré! Àwọn ìyá yìí ló fi mí ṣeré!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí wíńdò ń gbọ̀n. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko.

Wọ́n pe Wilma. Ó dìde, ó di ọ̀pá mú.

"Eldon, mi ò nílò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ gbé ìwé Harlan Fork wá, ẹ ṣí i síbi orúkọ Huffnagle."

Eldon wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Màmá, kì í ṣe ohun tó wà lórí…"

"Ìwé ìlú ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n ṣí i. Èmi náà kì í ṣe ẹranko."

Wọ́n gbé e wá. Eldon wọ awò ojú, ó fi ìka tọ ìlà. "Huffnagle, Arlene. Ó fọwọ́ sí i."

"Ìyá rẹ̀ nìyẹn, ó fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Huffnagle, Kip." Eldon yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Kò… kò sí nǹkan níbẹ̀."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Kip.

"Gbé ti ọdún tó kọjá," Wilma ní. "Òfìfo ni. Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ìgbà méjì la dìbò lọ́dún yẹn, òfìfo, òfìfo. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀, ó wọ bàtà aláwọ̀ ilẹ̀, ó bi mí bóyá a ní dónọ́ọ̀tì." Eldon ń ṣí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìgbà mẹ́ta ló wò ó, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a bẹ́ẹ̀.

"Bó o ti wà níbẹ̀ yẹn, Eldon," Odessa wí láti ẹ̀yìn, "wo orúkọ Dunleavy fún mi."

"Èyí ò kàn mí!" Marguerite ní.

Ó kàn án. Láti ìgbà tó ti kó wá, ọdún márùn-ún, ìlà rẹ̀ mọ́ fónífóní bí àwo tí wọn ò bu oúnjẹ sí rí.

Marguerite dìde, ó tún aṣọ ṣe. "Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣàlàyé ìbò fáráyé. Ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan gbọ́dọ̀ yàgò fún un, kó má bàa ṣègbè."

"Mo fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà," Odessa ní, "mo ṣì ń gba tèmi."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń gbèrú, ó kù díẹ̀ kó gba gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó gbé páálí dání lẹ́yìn ké pé, "Ẹ̀rí nìyẹn! Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́!"

Kip ti jókòó bí ẹyẹ tí òjò pa. Ìgbà tó gbọ́ ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ padà sójú rẹ̀. Ó fò dìde. "Ẹ rí i! Ẹ rí i lójú yín! Wọ́n jí ìbò tèmi gan-an!"

Ariwo sọ. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà ò dìbò, ó sì sunkún pé wọ́n jí i, igba èèyàn tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ sì bá a sunkún. Wilma wò wọ́n. Ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, láti kékeré. Ó wá ń rò ó bóyá ohun tó sè fún wọn ni.

Ni Eldon bá gbá tábìlì. Kò sẹ́ni tó rí i kó gbá nǹkan rí, òun náà jọ ẹni tẹ́rù bà.

"Ó dáa!" ó ní. "Ó dáa. Ẹ ní ká yọ wọ́n. A lè yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún ń bọ̀, ìbò mìíràn wà. Òfin ní èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀." Ó gbé bébà méjì sókè, ó na bírò. "Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí sí aago mẹ́jọ alẹ́. Ta ló fẹ́ gba àga Màmá Krantz? Ta ló fẹ́ gba ti Odessa?"

Àwọn tó wà níwájú ń wo ẹ̀yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń wo òrùlé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wakọ̀ wákàtí mẹ́ta wá," Eldon ní. "Ẹnì kan péré."

Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọ̀kan ní oṣù karùn-ún lòun ń gbin àgbàdo. Obìnrin kan ní òun ń ṣe tòun lórí fóònù, iṣẹ́ ńlá nìyẹn náà. Ọkùnrin onípáálí rọra gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo okùn bàtà rẹ̀.

"Kip?" Eldon bi í.

"Èmi ni ojú ìlú," Kip ní. "Ojú kì í ru ẹrù."

"Ẹnu ni ọ́," Odessa ní, "ta ló bá ọ sọ ti ojú?"

Ìgbìmọ̀ fi orí korí, kò pẹ́. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin méjèèjì máa jókòó lọ, torí kò sẹ́lòmíràn. Wọn ò sọ pé wọn ò jalè. Wọn ò sọ pé wọ́n jalè. Wọ́n kàn ní ẹ̀sùn náà "wà nílẹ̀". Nítorí àtijí ní ìdájí ni wọ́n ṣe dá Wilma sí, kì í ṣe nítorí òtítọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí oògùn ibà. Bí wọ́n ti ń jáde, olórí àwọn panápaná fara mọ́ ògiri, ó dúró de àyè, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Màmá, nudúlù ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé nudúlù ni."

"Sọ ọ́ sókè," Wilma ní.

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó lọ.

Oṣù karùn-ún dé. Odessa gbé ìkòkò rẹ̀ wá, kò sì fi kùbùsù wé e mọ́. Dígí ni ìdérí tó rà sí i, kí gbogbo ayé lè máa wo nudúlù. Wilma sì ṣe ohun kan tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́rìndínlógójì: ó gbé agbọ̀n sítíkà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e ka iwájú ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

Bíi aago mẹ́wàá, Kip wọlé tòun ti fóònù lórí igi. Ó na ọwọ́ síbi tí agbọ̀n ń wà, ó bá tábìlì lásán. Ó wá a títí ojú rẹ̀ fi bá ti Wilma.

"Màmá Krantz, sítíkà dà?"

"Ìwé ló ṣáájú."

Àwọn èèyàn bíi mẹ́fà wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù ń wò ó láti òkè. Kò lè padà sẹ́yìn. Ó rọra tò, ó dé iwájú tábìlì, ó na ọwọ́ sí bírò.

"Káàdì ìdánimọ̀ rẹ," Wilma ní.

Ọdún mẹ́wàá ni Kip fi ké lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tí kò bá mú káàdì wá, kí wọ́n lé e bí ajá. Ó fọwọ́ kan àpò ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kan àpò iwájú. Ó tú àpò kóòtù. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ ń pọ́n.

"Màmá Krantz, ẹ mọ̀ mí ṣá! Ẹ bu oúnjẹ fún mi fọ́dún mẹ́fà!"

"Mo mọ̀ ọ́ dáadáa, Kip," Wilma ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè."

Odessa yíjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Kip ní ó wà nínú ọkọ̀, òun ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí ìró náà fi kú sọ́nà adágún.

Wilma fi rúlà tẹ́jú ìwé náà, ó wo ìlà tó ṣófo náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí agbọ̀n.

"Ẹni tó kàn," ó ní.